Ẹ̀rọ Tí Ń Jẹ Igi: Bí A Ṣe Ń Gbé Eré Àjọpìtàn Steampunk Kalẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọ̀kún

Ọ̀kún o. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó bá wà ní Kàbà, Ìsánlú, Mọpà, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìyàrá, tí ó fẹ́ kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin sí mẹ́fà jọ ní ìrọ̀lẹ́ láti ṣe eré àjọpìtàn. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù a mú ẹ̀dá-ìtàn kan, a sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà ṣe àti ohun tí ó wí, nígbà tí ẹnìkan, olùdarí eré, ń sọ bí ayé ṣe dá wọn lóhùn; kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni há sórí, kò sì sí òǹwòran. Steampunk ni ẹ̀yà rẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ayé tí ẹ̀rọ olóoru omi ti gba ipò tí epo bẹntiróòlù àti iná mànàmáná gbà nínú ayé tiwa, tí ìtàn sì ti yà kúrò lójú ọ̀nà níbi kan. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni a ó fi ṣe àkókò rẹ̀, odò Ọya àti ilẹ̀ Ọ̀kún, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ni a ó sì fi ṣe ibùdó.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń ti orí aṣọ bẹ̀rẹ̀: awò ńlá lójú, bọ́tìnnì idẹ, kẹ̀kẹ́ eléyín lára fìlà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí mo darí rẹ̀ ní Kàbà, eré náà kò sì kọjá alẹ́ kejì, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀rọ abàmì, ẹ̀rọ kankan kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìbéèrè kan ṣáájú gbogbo ètò: kí ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ, ta ni ó sì ń bọ́ ọ? Bí ẹ bá ti lè dáhùn rẹ̀, ìtàn ti wà nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yan ohun kan ṣoṣo tí yóò yàtọ̀

Ẹ má ṣe yí ohun méjì padà. Ẹni tí ó bá ní kí Jámánì borí, kí ọkọ̀ máa fò láti Lọ́kọ́jà dé Berlin, kí òkè Ògìdì sì máa tú iná jáde, kò ní ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fẹsẹ̀ tẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó ṣì dúró. Ohun tí ẹ bá yí gbọ́dọ̀ kéré, kí ó sì jẹ́ ohun tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Èyí tí àwa ń lò nìyí. Ní ọdún 1832, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Macgregor Laird kó ọkọ̀ elééfín méjì, Quorra àti Alburkah, gba ẹnu odò Ọya wọlé. Ọkọ̀ kọ́ ni ó já wọn kulẹ̀, ibà ni. Nínú òyìnbó 48 tí ó bá a gbéra, 9 péré ni ó padà sílé. Ní ọdún 1854, William Balfour Baikie gba ojú odò kan náà wọlé nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Pleiad, Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuiníìnì kí ibà tó mú wọn. Ẹyọ ẹnìkan kò kú. Ọdún 22 ni ó wà láàárín ìrìn àjò méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún 1820 ni wọ́n ti yọ kuiníìnì jáde lára èèpo igi ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé Laird ì bá ti gbé e dání. Nínú eré wa, ó gbé e dání. Kò sí ohun mìíràn tí a yí.

Bí èyí kò bá wù yín, ibòmíràn wà tí ìtàn ti lè yà. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1917, ọkọ̀ òfuurufú Zeppelin ti Jámánì kan, irú èyí tí gáàsì ń gbé dúró lókè, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ L 59, gbéra ní Jambol ní Bulgaria, ó kó ẹrù bíi tọ́ọ̀nù 15 lọ fún àwọn ọmọ ogun Jámánì tí wọ́n há mọ́ ìlà oòrùn Áfíríkà. Ó ti kọjá aṣálẹ̀, ó ti dé ojú òfuurufú Sudan, kí àṣẹ tó pè é padà lórí wáyálẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ó fi balẹ̀ síbi tí ó ti gbéra, ó ti lo wákàtí 95 lójú òfuurufú, ó sì ti rin ohun tí ó lé ní 6,700 kìlómítà. Bí wáyálẹ́ẹ̀sì rẹ̀ bá ti bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Ó dára fún eré alẹ́ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wa, àwọn ènìyàn wa kò sì ní iṣẹ́ nínú rẹ̀ ju kí wọ́n wo òkè lọ. Ti Laird ni mo fara mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tẹ̀lé e wá sílé, ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ 1832 sí òkè, kí ẹ sì máa fi ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá sọ̀ kalẹ̀ títí dé 1914. Ní orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ta ni ó pàdánù, kí sì ni àwọn tí ó wà níhìn-ín ṣe sí i? Ẹ ṣe é pọ̀, kì í ṣe olùdarí nìkan, nítorí pé ayé tí ènìyàn bá dá pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó máa ń dun ún bí ó bá fẹ́ bàjẹ́.

Ìdáhùn òtítọ́ lè má dùn mọ́ yín. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Òwé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀yà Ọ̀kún, wọ́n sì ń kó ènìyàn wa lẹ́rú, títí di ọdún 1897 tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣẹ́gun Bídà, olú ìlú Tápà. Ta ni ó sì sún mọ́ odò jù lọ? Tápà ni. Ta ni ó ní àwọn asúdẹ tí iṣẹ́ wọn lókìkí káàkiri? Bídà náà ni. Bí ọkọ̀ elééfín bá yára dé ní ọdún 22, ọwọ́ wọn ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí, idẹ tí gbogbo olólùfẹ́ steampunk ń wá kiri yóò sì wá láti Bídà. Ọmọ Òwé méjì wà nínú ẹgbẹ́ wa tí inú wọn kò dùn sí èyí rárá, a sì jiyàn lé e lórí títí iná fi lọ.

Ìgbà náà ni ẹnìkan bèèrè ohun tí ọkọ̀ Tápà yóò máa jẹ. Igi ni. Igi etí odò yóò sì tán. Nígbà tí ó bá fi máa di 1880, igi tí ó kù yóò wà ní Bùnú àti ní ẹ̀bá Kàbà, lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ń kó lẹ́rú. Ẹni tí ó ń sá fún ọ nínú igbó kò lè gé igi fún ọ. Nítorí náà, yálà kí Tápà dá ìkónilẹ́rú dúró tàbí kí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ láìní iná nínú. Báyìí ni ilẹ̀ Ọ̀kún ṣe di ẹni tí gbogbo ayé ń bẹ̀ nínú eré wa: kò ní ọkọ̀, kò ní ìbọn ńlá, ṣùgbọ́n ó ní igi, ó sì mọ iye rẹ̀. Ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Lugard ti kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà ní ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1900 nínú ìtàn tòótọ́, a fi àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí ipò ayálégbé, a kò fi wọ́n ṣe onílé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé oúnjẹ

Ibí yìí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Kí ẹ̀rọ kankan tó wọ inú eré, ẹ kọ ìwé kékeré kan fún un tí yóò sọ ohun márùn-ún: iye igi tí ó ń jẹ ní ọjọ́ kan, iye omi tí ó ń mu, iye ọwọ́ tí ó ń gbé e ró, àkókò tí ó ń gbà kí ó tó jí, àti ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fọ ìkòkò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti ìkòkò náà, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò sọ ọkọ̀ elééfín di mọ́tò. Ìkòkò ẹ̀rọ jẹ́ àgbá irin tí a fi iná sí lábẹ́ tàbí láàárín. Omi inú rẹ̀ a hó, ooru rẹ̀ a fún pọ̀, a sì máa ti ọ̀pá irin síwá sẹ́yìn títí àgbá kẹ̀kẹ́ yóò fi yí. Omi tútù kì í hó kíákíá. Ó máa ń gba wákàtí mélòó kan kí ìkòkò ńlá tó lágbára, nítorí náà ọkọ̀ elééfín kì í sá lójijì: ẹni tí ó bá fẹ́ sá lówùúrọ̀ ti gbọ́dọ̀ dáná ní òru, èéfín rẹ̀ yóò sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ìlú. Bí omi bá ń kún, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni odò Ọya ń gbé. Ẹrẹ̀ yìí a máa sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, irin tí omi kò dé ara rẹ̀ mọ́ a gbóná kọjá àlà, a sì sán. Kí ó má baà ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ pa iná, kí ìkòkò tutù, kí ẹnìkan tí ara rẹ̀ kéré sì gba ẹnu ihò wọ inú rẹ̀ lọ ha ìdọ̀tí náà kúrò. Nínú eré wa, ọmọ ọdún méjìlá kan láti Ìyàrá ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, òun sì ni ẹ̀dá-ìtàn tí gbogbo wa fẹ́ràn jù.

Òṣùwọ̀n wa ni ìdì igi, ìyẹn ìwọ̀n tí ènìyàn kan lè fi orí rù. Ọkọ̀ wa ń jẹ ìdì 40 fún ìrìn ọjọ́ kan lórí omi, iye tí a fúnra wa fi lélẹ̀. Láti Kàbà dé Lọ́kọ́jà tó nǹkan bíi 80 kìlómítà, aláàárù tí ó ru ìdì igi kò sì lè rìn ín dé kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ kan tí ó bá fẹ́ rin ọ̀sẹ̀ kan ń béèrè gbogbo abúlé.

Ti èédú ilẹ̀ ńkọ́? Ọdún 1909 ni wọ́n rí i ní ẹ̀bá Udi, ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní Enugu, ọdún 1916 sì ni ojú irin so ó pọ̀ mọ́ Port Harcourt. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí èédú ilẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1914 àfi èyí tí ó bá ti òkè òkun dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìtàn yá lè rán àwọn ẹ̀dá-ìtàn lọ sí Udi.

Ọkọ̀ òfuurufú olóoru omi wà ní tòótọ́. Ní ọdún 1852, ọmọ Faransé kan, Henri Giffard, fi ẹ̀rọ olóoru omi tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin mẹ́ta fò láti Paris dé Trappes, ó tó kìlómítà 27, ṣùgbọ́n kò lágbára tó láti kojú ẹ̀fúùfù padà sílé. Gáàsì tí ó gbé e dúró jẹ́ èyí tí iná ń jó, òun pàápàá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ó kọ ojú ihò èéfín sí. Nítorí náà, bí ẹ bá fún Jámánì ní irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fúùfù jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Mo gba ẹ̀rọ tí ń tulẹ̀ tàbí tí ń wọ́ ẹrù láyè lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé yóò rì sínú ẹrẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀rọ tí ń fi ẹsẹ̀ irin rìn ni n kò gbà. Kò sí ẹni tí ó tíì lè sọ fún mi bí ó ṣe máa gun òkè.

Ìyanu mìíràn lè wọlé bí ẹni tí ó mú un wá bá lè fi gbólóhùn mẹ́ta so ó mọ́ kuiníìnì Laird. Arábìnrin kan nínú wa so òfì mọ́ ọn báyìí: ọkọ̀ tí ó tètè dé ra òwú, àwọn olówò òwú kó òfì Jacquard, èyí tí ó ń fi páálí oníhò darí fọ́nrán òwú láti ọdún 1804, wá sí Lọ́kọ́jà, àwọn obìnrin Bùnú àti Òwé tí wọ́n ń hun aṣọ lórí òfì òòró wá kọ́ bí a ti ń fi ihò páálí pa àṣírí mọ́. Charles Babbage, onímọ̀ ìṣirò kan, tilẹ̀ fẹ́ fi irú páálí bẹ́ẹ̀ darí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ ní Ìlú Ọba, kò kàn rí i parí ni. A gbà á wọlé láìjanpata, lẹ́tà àṣírí ogun sì ti ń kọjá nínú aṣọ láti ìgbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi omi ṣe aago

Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Jámánì ni ó ni Kamẹrúùnù, ìlú Garua tí wọ́n mọ odi yí ká sì wà létí odò Bẹ́núé, odò kan náà tí ó wá pàdé Ọya ní Lọ́kọ́jà. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa: ojú omi kan ni ó so ọ̀tá pọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa. Nínú ìtàn tòótọ́, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà kọlu Garua ní ìparí Oṣù Kẹjọ, àwọn Jámánì sì lé wọn padà. Douala bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní ọjọ́ 27 Oṣù Kẹsàn-án. Garua fúnra rẹ̀ kò túúbá títí di Oṣù Kẹfà ọdún 1915, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ìbọn ńlá gba odò Bẹ́núé gòkè. Olùdarí nìkan ni kí ó ní ìwé ọjọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n ṣẹlẹ̀ ní àkókò wọn àfi bí àwọn ẹ̀dá-ìtàn bá dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ ya ọ̀pá kan sórí páálí, kí ẹ ṣá a ní ibi 12, kí ẹ sì gbé e síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i. Ìjókòó kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nínú ìtàn. Omi Ọya ní Lọ́kọ́jà máa ń kún jù láàárín Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn náà ó ń fà. Apá òkè odò Bẹ́núé kì í sì í gba ọkọ̀ elééfín ju ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lọ́dún. Ẹ gbé àmì sókè bí omi ti ń kún, kí ẹ sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò yìí ni pé bí omi bá ti fà tán, ọyẹ́ ni yóò dé, ọyẹ́ sì ń fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn wá. Ìgbà tí ọkọ̀ omi bá dákẹ́ ni ọkọ̀ òfuurufú Jámánì tí ó wà ní Garua yóò rí ẹ̀fúùfù tí yóò gbé e wá bá wa láìná an ní igi kankan, ṣùgbọ́n tí kò ní jẹ́ kí ó padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dá àwọn ènìyàn

Ẹ má ṣe dá ọ̀gágun. Ọ̀gágun ní ẹni tí ó ń gbé omi ìwẹ̀ fún un; ẹ dá ẹni yẹn. Àwọn tí wọ́n dára nínú eré wa ni olórí àwọn agégi Bùnú, adáná inú ọkọ̀, atukọ̀ Tápà tí ó fẹ́ ọmọ Kàbà, obìnrin ahunṣọ tí ó mọ àṣírí páálí, akọ̀wé tí ó kàwé lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) tí wọ́n dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1908, àti aláàárù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláàárù ni ogun náà lò ní tòótọ́, ẹrù wọn sì wúwo ju ohun tí ìtàn sábà ń sọ lọ. Sórí ìwé ẹ̀dá-ìtàn, ẹ kọ orúkọ, iṣẹ́, gbèsè kan tí ó jẹ, ẹnìkan tí ó ń retí rẹ̀ nílé, àti ohun kan tí kò ní ṣe láéláé. Ó tó.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe pàtàkì. Ọ̀dọ́mọdé adáná kò ní pe olórí agégi ní “ìwọ” nítorí pé ìbọn ń dún. “Ẹ̀yin” ni yóò máa pè é títí ìkòkò yóò fi sán. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù sọ ẹ̀ka èdè ilé rẹ̀, kí Yàgbà jẹ́ Yàgbà, kí Òwé jẹ́ Òwé, kí atukọ̀ Tápà sì nílò ògbufọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Àwọn ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò lé lórí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo orúkọ ọba tàbí ìdílé tí ó wà láàyè. Ẹ má sọ gbogbo Tápà di ìkà, nítorí pé a ṣì jọ ń ná ọjà kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ ran aṣọ fún eré, aṣọ òkè dára, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ ìpò sílẹ̀: aṣọ pupa tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun fún ìsìnkú ẹni ńlá kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ẹni tí ó bá sì láǹfààní àtidé Lọ́kọ́jà, kí ó lọ wo ọwọ̀n ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó wà níbẹ̀ kí ó tó fi ikú sójà kankan pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Òfin díẹ̀

Dáìsì lúdò méjì ni a ń lò. Ohun tí kò le kò nílò dáìsì. Ohun tí ó le, ẹ ju méjèèjì: bí ó bá pé 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bọ́ sí i, bí kò bá pé, ẹni náà lè san ìdì igi kan láti fi 1 kún un, níwọ̀n ìgbà tí igi bá wà. Báyìí ni igi ṣe di owó, epo àti oríire lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òṣèré yóò sì máa ka ìdì wọn bí ìyá oníṣòwò ti ń ka owó. Bí méjèèjì bá jẹ́ 1, nǹkan kan bàjẹ́ lára ẹ̀rọ, kì í ṣe lára ènìyàn.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdíkọ̀ igi ní Kàbà, ní àárọ̀, kí ìròyìn tó dé: àwọn agégi ń dúnàá dúrà pẹ̀lú atukọ̀ lórí iye ìdì 40, òjò sì ti ṣú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí owó náà fún ìdajì wákàtí bí wọ́n bá fẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀ṣọ́ kan sáré dé pẹ̀lú aṣọ kan tí ẹnìkan hun ní ìkánjú, kí ahunṣọ sì ka àṣírí inú rẹ̀ síta: Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ gbogbo igi tí ó wà nílẹ̀, ní ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀, kí ọ̀la tó mọ́. Ẹ dá eré dúró níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sùn lé e.

Ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kan péré, nítorí pé ẹgbẹ́ WhatsApp máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Eré náà ń parí ní ọjọ́ tí àmì bá dé ṣíṣá ìsàlẹ̀ pátápátá lára ọ̀pá omi. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá wà ní ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni yóò gúnlẹ̀ sí lórí iyanrìn, kí ẹni kọ̀ọ̀kan sì sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ gbé kúrò nínú rẹ̀ àti ọ̀nà tí ó gbà lọ sílé.